Kábíyèsí: Ìtàn Ìkíni Ọba Nílẹ̀ Yorùbá

Kábíyèsí ni ìkíni tí Yorùbá yà sọ́tọ̀ fún ọba aládé. Ẹni tó bá wọ ààfin kò gbọdọ̀ sọ ohun tó bá wá láì tíì ṣe kábíyèsí. Ọkùnrin a dọ̀bálẹ̀ gbalaja, obìnrin a kúnlẹ̀ tàbí kó yíkàá, ọ̀rọ̀ náà a sì ti ẹnu wọn jáde nígbà tí ara ṣì wà nílẹ̀. Kì í ṣe orúkọ oyè. Oyè ọba kọ̀ọ̀kan yàtọ̀: Aláàfin ni ti Ọ̀yọ́, Ọọ̀ni ni ti Ifẹ̀, Awùjalẹ̀ ni ti Ìjẹ̀bú, Ọ̀ràngún ni ti Ìlá, Èwí ni ti Adó-Èkìtì, Alákétu ni ti Kétu tó wà ní orílẹ̀-èdè Benin lónìí. Kábíyèsí kárí gbogbo wọn. Ọba kì í sì í fi pe ara rẹ̀. Ẹnu ará ìlú ló ń gbé. Nígbà tó pẹ́ lẹ́nu, ìkíni náà di orúkọ tí a fi ń pe ẹni tí a ń kí, tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi ń wí pé Kábíyèsí ti jáde, Kábíyèsí ń simi, àwọn Kábíyèsí ń ṣèpàdé.

Ìkíni mìíràn a máa bá a rìn. Wọ́n a wúre pé kí adé pẹ́ lórí, kí bàtà pẹ́ lẹ́sẹ̀. Wọ́n a pe ọba ní Aláyélúwà, wọ́n a pè é ní Aláṣẹ Èkejì Òrìṣà. Aláàfin tún ní Ikú Bàbá Yèyé, nítorí pé láyé àtijọ́ ẹ̀mí ọmọ ìlú wà lọ́wọ́ rẹ̀. Àdúrà ni àwọn kan nínú wọn, oríkì sì ni àwọn yòókù. Kábíyèsí kò sí nínú ọ̀wọ́ méjèèjì, nítorí ọ̀rọ̀ ìbéèrè àti ìdáhùn ló dá lé.

Àlàyé tó gbilẹ̀ jù lórí orísun rẹ̀ ni pé odindi gbólóhùn ni tẹ́lẹ̀, pé ohun tí wọ́n ń wí ni pé kí a bi í, kò sí. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé kò sí ẹni tó lè bi ọba léèrè ìdí tó fi ṣe ohun tó ṣe. Irú ìsúnkì bẹ́ẹ̀ kò ṣàjèjì sí èdè Yorùbá. Orúkọ àbíkú ló pọ̀ jù tó fi í hàn: Kòkúmọ́, Málọmọ́, àti Kòsọ́kọ́ tí ọba Èkó kan jẹ́, ẹni tó wà lórí ìtẹ́ láti 1845 sí 1851. Gbólóhùn ni gbogbo wọn kí wọ́n tó di orúkọ. Pé "kí a" di "ká", ojoojúmọ́ ni wọ́n ń sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Pé "bi í" di "bí", òun náà kò le.

Ibi tó ta kókó ni "yè" tó wà láàárín. Bí "kò sí" bá súnkì, "ò sí" ló ń dà, bí ìgbà tí wọ́n bá ní owó ò sí, àyè ò sí. Kábíòsí ló yẹ kí ọ̀rọ̀ náà jẹ́ nígbà náà. Ẹ̀ka-èdè mìíràn lè jẹ́ kọ́kọ́rọ́ rẹ̀. Ní Èkìtì, fún àpẹẹrẹ, ìró "é" àti "è" wà nínú ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ń ṣe ìyísódì, níbi tí Ọ̀yọ́ ti ń lo "kò". Bí irú ìró bẹ́ẹ̀ bá tẹ̀lé "bí", ìró "y" kì í pẹ́ yọ láàárín fáwẹ̀lì méjèèjì, Kábíyèsí a sì gbà bẹ́ẹ̀ jáde. Ó ṣeé ṣe, nígbà náà, kó jẹ́ pé ọ̀rọ̀ yìí dàgbà ju èdè Ọ̀yọ́ tí a ń sọ lónìí lọ. Èdè ààfin a sì máa tọ́jú ohun tí èdè ọjà ti sọ nù.

Àwọn kan rí "ìyè" nínú rẹ̀, wọ́n sì kà á sí àdúrà ẹ̀mí gígùn fún ọba. Ìtumọ̀ náà dùn ún gbọ́, ó sì bá ìwúre adé pẹ́ lórí mu. Ṣùgbọ́n gbólóhùn tí yóò ti inú rẹ̀ jáde, kí a bí ìyè sí nǹkan, kò dún bí ohun tí Yorùbá kankan ń sọ. Àlàyé àkọ́kọ́ ló fẹsẹ̀ múlẹ̀ jù.

Ẹ̀rí kan tún wà lókè òkun tó ṣe pàtàkì nínú ọ̀rọ̀ yìí, ti Ṣàngó ni. Ìtàn Ọ̀yọ́ ka Ṣàngó mọ́ àwọn Aláàfin ìgbà ìwáṣẹ̀. Wọ́n ní nígbà tí ìlú dojú kọ ọ́, ó fi ààfin sílẹ̀, ó sì lọ pokùn so lórí igi àyàn. Àwọn tó fẹ́ràn rẹ̀ kò gbà, wọ́n ní ọba kò so, ibẹ̀ sì ni orúkọ Kòso ti wá. Láti ìgbà náà, bí mànàmáná bá bù yẹ̀rì, tí àrá sì sán tẹ̀lé e, àwọn olùsìn rẹ̀ a kígbe pé Káwòóo! Kábíyèsí! Ọba tó wàjà ni wọ́n ń kí, wọn kò sì yí ìkíni padà fún un. Alùfáà Samuel Johnson, tó parí ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ ní 1897, tí ìwé náà kò sì rí ìtẹ̀jáde títí di 1921, ogún ọdún lẹ́yìn ikú rẹ̀, mẹ́nu kan igbe yìí gẹ́gẹ́ bí ohun tí gbogbo ènìyàn ń ṣe nígbà ayé rẹ̀.

Ìgbà tí Ọ̀yọ́ Ilé, olú ìlú Ọ̀yọ́ àtijọ́, ń wó lọ, ní ìparí ọ̀rúndún kejìdínlógún àti ìbẹ̀rẹ̀ èyí tó tẹ̀lé e, ogun kó ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọmọ Yorùbá dé èbúté, ọkọ̀ sì kó wọn dé Kúbà àti Bùràsíìlì. Òrìṣà bá wọn lọ, ìkíni òrìṣà náà sì bá wọn lọ. Àwọn tí Kúbà ń pè ní Lucumí di ìkíni Ṣàngó mú, Kabiosile ló sì dà lẹ́nu wọn. Ní Bùràsíìlì, Kaô Kabiesile ni wọ́n ń wí. Ẹni tó bá fara balẹ̀ gbọ́ méjèèjì yóò rí i pé ti Kúbà ní "ò" níbi tí ti Bùràsíìlì ti ní "è". Ó jọ pé oríṣi méjèèjì ló wà lẹ́nu àwọn ará ilé kí wọ́n tó kó wọn lọ, kó sì jẹ́ pé Kúbà tọ́jú èyí tí ilé ti gbàgbé. Ìyẹn ló mú kí àlàyé "kò sí" lágbára ju ti "ìyè" lọ, nítorí kò sí ọ̀nà tí ìyè fi lè di "ò".

Kì í ṣe ọ̀rọ̀ nìkan ni wọ́n tọ́jú. Ìforíbalẹ̀ di foribale ní Kúbà, mo júbà sì di moyuba. Ohun tó yí padà ni òfin ẹni tó ń dọ̀bálẹ̀ àti ẹni tó ń yíkàá. Nílé, ọkùnrin ló ń dọ̀bálẹ̀, obìnrin ló ń kúnlẹ̀. Ní Kúbà, òrìṣà tó ni orí ènìyàn ni wọ́n ń wò: ẹni tí òrìṣà rẹ̀ jẹ́ akọ yóò dọ̀bálẹ̀ gbọrangandan, ìbáà ṣe obìnrin, ẹni tí òrìṣà rẹ̀ jẹ́ abo yóò fi ẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ lọ́tùn-ún lósì, ìbáà ṣe ọkùnrin. Ní Salvador ní ìpínlẹ̀ Bahia, Eugênia Anna dos Santos, tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí Mãe Aninha, dá ilé òrìṣà Ilê Axé Opô Afonjá sílẹ̀ ní 1910, Ṣàngó ló sì ni ilé náà. Ní àwọn ọdún 1930, òun àti Martiniano Eliseu do Bonfim, babaláwo tó ti gbé Èkó nígbà èwe rẹ̀, gbé ìgbìmọ̀ kan dìde nínú ilé náà tó jẹ́ ọba 12, mẹ́fà lọ́tùn-ún, mẹ́fà lósì, tí wọ́n ń pè ní àwọn Ọba Ṣàngó. Òǹkọ̀wé Jorge Amado àti olórin Dorival Caymmi wà lára àwọn tó jẹ oyè yìí nígbà tó yá. Ọ̀yọ́ kò ní ọba 12. Ìrántí ààfin Ọ̀yọ́ ni wọ́n fi kọ́ ti wọn. Ibi tí ìrántí náà sì gbà wọlé ni pé ọba ní ìgbìmọ̀. Àwọn tí wọ́n ń kígbe pé kò sí ẹni tó lè bi ọba náà ló tún gbé ìgbìmọ̀ kalẹ̀ fún un.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ láàfin gan-an kò fara sin fún àlejò. Hugh Clapperton, ará Scotland, dé Ọ̀yọ́ Ilé ní oṣù Kìíní ọdún 1826 pẹ̀lú ọmọ ọ̀dọ̀ rẹ̀ Richard Lander. Orúkọ tí àwọn Haúsá ń pe ìlú náà, Katunga, ni wọ́n lò nínú ìwé tó jáde ní 1829 lẹ́yìn ikú Clapperton. Wọ́n rí àwọn ìjòyè tó bọ́ aṣọ òkè ara wọn, tí wọ́n dojú bolẹ̀, tí wọ́n ń da erùpẹ̀ sí orí ara wọn níwájú Aláàfin. Wọ́n sọ fún Clapperton pé bẹ́ẹ̀ ni òun náà yóò ṣe. Ó kọ̀ jálẹ̀. Ó ní bí òun ṣe ń kí ọba tòun nílé ni òun yóò ṣe kí tiwọn: òun yóò ṣí fìlà, òun yóò tẹrí ba, òun yóò sì bọ ọba lọ́wọ́ bó bá fẹ́. Aláàfin gbà bẹ́ẹ̀. Àlejò kì í ṣe ọmọ abẹ́ rẹ̀, kò sì sí ìdí tí yóò fi sọ ọ́ di ìjà.

Aláàfin fúnra rẹ̀ kò pọ̀ níta. Kì í rìn kiri ìgboro lójú mọmọ. Ọdún mẹ́ta ni ìlú fi ń rí i: ọdún Ifá, ọdún Ọ̀run, àti ọdún Bẹẹrẹ tí wọ́n ń fi koríko bẹẹrẹ bo ilé ọba. Àwọn ìránṣẹ́ ààfin, ìwẹ̀fà àti ìlàrí, ló ń gbé ọ̀rọ̀ rẹ̀ jáde. Ẹni tí a kì í rí, tí a kì í bá sọ̀rọ̀ lójúkojú, kò ní ṣòro láti gbà pé a kì í bi í léèrè.

Síbẹ̀ ọba náà ní ẹni tó ń kúnlẹ̀ fún. Johnson ṣe àkọsílẹ̀ ìyá kan tí oyè rẹ̀ ń jẹ́ Ìyámọdẹ, olórí àwọn tó ń tọ́jú Bàrà, ibi tí wọ́n ń sin àwọn Aláàfin sí. Bàbá ni Aláàfin ń pè é, nítorí pé òun ló ń bọ ẹ̀mí àwọn baba ńlá ọba. Bí wọ́n bá pàdé, Aláàfin a kúnlẹ̀ kí i, Ìyámọdẹ náà a sì kúnlẹ̀ dá a lóhùn. Kì í fi ìgbọ̀nwọ́ lélẹ̀ bí obìnrin yòókù ṣe ń ṣe níwájú ẹni tó jù wọ́n lọ. Aláàfin kì í kúnlẹ̀ fún ẹlòmíràn láyé. Ṣàngó nìkan ló tún ń dọ̀bálẹ̀ fún, àti ẹni tí Ṣàngó bá gùn. Ọba tí a kì í bi, obìnrin ló ń pè ní bàbá.

Ọ̀rọ̀ ìdọ̀bálẹ̀ gba ẹ̀mí ọba kan. Láti 1754 títí di 1774, Gáà, Baṣọ̀run tó jẹ́ olórí àwọn ìjòyè, ló di Ọ̀yọ́ mú, ọba mẹ́rin ló sì gorí ìtẹ́ tí wọ́n kúrò níbẹ̀ lábẹ́ rẹ̀. Èkejì nínú wọn ni Awónbíojú. Gáà ló fi í jọba, ó sì retí pé kó wá dọ̀bálẹ̀ fún òun. Awónbíojú kọ̀, nítorí a kò gbọ́ ọ rí pé Aláàfin dọ̀bálẹ̀ fún ìjòyè. Ọjọ́ 130 péré ló lò lórí ìtẹ́ kí wọ́n tó pa á. Abíọ́dún, tó jọba kẹ́yìn wọn, gbọ́n ju bẹ́ẹ̀ lọ. Àràárọ̀ ló ń lọ kí Gáà nílé, títí ó fi rí àyè kó ogun jọ láti ìgbèríko, tó sì ṣẹ́gun rẹ̀ ní 1774. Ní gbogbo ogún ọdún yẹn, Kábíyèsí ni wọ́n ń kí Aláàfin láàfin rẹ̀.

Gáà ré kọjá ààlà, ṣùgbọ́n oyè rẹ̀ ní agbára lábẹ́ òfin. Ìjòyè méje ló wà nínú ìgbìmọ̀ Ọ̀yọ́ Mèsì: Baṣọ̀run, Àgbàakin, Sámù, Alápìn-ínni, Lágùnnà, Akinikú àti Aṣípa. Àwọn ló ń yan ọba nínú àwọn ọmọ oyè. Lọ́dọọdún, nígbà ọdún Ọ̀run, Baṣọ̀run a dá obì láti mọ̀ bóyá orí ọba ṣì gba ẹbọ rẹ̀. Bí obì kò bá yàn, tí ìlú náà sì ti ń kùn, wọ́n lè kọ ọba. Igbá òfìfo tàbí ẹyin odídẹrẹ́ ni wọ́n fi ń ránṣẹ́ sí i, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ pé òrìṣà kọ̀ ọ́, ènìyàn kọ̀ ọ́. Ẹni tó bá gba irú igbá bẹ́ẹ̀ kò gbọdọ̀ rí ilẹ̀ ọjọ́ kejì. Aláàfin Aólẹ̀ ló gbajúmọ̀ jù nínú àwọn tó gbà á, ní nǹkan bí 1796. Wọ́n ní kó tó kú, ó ta ọfà sí igun ayé mẹ́ta, ó sì fi èpè lé àwọn tó dìtẹ̀ mọ́ ọn pé ibi tí ọfà náà lọ ni wọn yóò kó ọmọ wọn lẹ́rú dé.

Ẹgbẹ́ Ògbóni náà wà, tí Ọ̀yọ́ Mèsì kò lè ṣe ohun tó bá wù wọ́n láìrí i. Ní àwọn ìlú tó kù, ètò náà yàtọ̀ lórúkọ, ó jọra ní ìwà: àwọn Ìwàrẹ̀fà ní ìlú kan, Òṣùgbó ní Ìjẹ̀bú. Ará ìlú tí kò joyè náà ní ọjọ́ tirẹ̀. Yorùbá ní ọba kì í pa ọ̀kọrin, ọjọ́ ọdún ni wọ́n sì ń fi orin sọ ohun tí ẹnu kò gbọdọ̀ sọ lójoojúmọ́.

Nítorí náà, àṣìkà ni láti fi Kábíyèsí ṣe ẹ̀rí pé apàṣẹwàá ni ọba Yorùbá. Ọ̀pọ̀ ìwé ló ṣe bẹ́ẹ̀, àwọn ọba kan pẹ̀lú sì fẹ́ràn láti gbọ́ ọ bẹ́ẹ̀. Ohun tí ìkíni náà ń sọ ni pé ẹnìkan ṣoṣo kò gbọdọ̀ dúró níwájú ìtẹ́ kó máa wádìí ọba bí ẹni wádìí ọmọdé. Ìbéèrè wà, yàrá ni wọ́n ti ń bi í, àwọn tí oyè gbé e lé lọ́wọ́ ni wọ́n sì ń bi í. Ìtẹ́ ni Kábíyèsí ń bọ̀wọ̀ fún. Ẹni tó jókòó lórí rẹ̀ lè gba igbá òfìfo lálẹ́ ọjọ́ tí wọ́n kí i ní Kábíyèsí láàárọ̀.

Kì í ṣe gbogbo olórí ìlú ni wọ́n ń kí bẹ́ẹ̀. Adé ìlẹ̀kẹ̀ tí ìlẹ̀kẹ̀ rẹ̀ bo ojú ló ń fi ọba hàn, ẹni tó lè tọ ìdílé rẹ̀ dé Ifẹ̀ sì ni àṣà gbà láyè láti dé e. Olórí ìlú tí kò ní irú adé bẹ́ẹ̀ ń jẹ́ baálẹ̀, ìkíni rẹ̀ sì yàtọ̀. Àríyànjiyàn lórí èyí dé iwájú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní 1903, nígbà tí wọ́n fẹ̀sùn kan Elépẹ́, ọba kan ní Rẹ́mọ, pé ó dé adé tí kò tọ́ sí i. Gómìnà MacGregor ránṣẹ́ pe Ọọ̀ni Adélékàn Olúbùṣe Kìíní, ó sì wá sí Èkó láti jẹ́rìí sí àwọn tó ní ẹ̀tọ́ sí adé. Ọọ̀ni kò jáde kúrò ní Ifẹ̀ bẹ́ẹ̀ rí, ìrìn náà sì mi ilẹ̀ Yorùbá tìtì. Ìbàdàn, ìlú jagunjagun tí kò jẹ́ kí oyè di ti ìdílé kan, ní baálẹ̀ títí di 1936, kí oyè náà tó di Olúbàdàn. Ní 2017, gómìnà Abíọ́lá Ajímọ̀bí fi adé lé ènìyàn 21 lórí nílẹ̀ Ìbàdàn lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Kábíyèsí pọ̀ sí i ní ìlú náà, ẹjọ́ sì tẹ̀lé e.

Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ló sọ ìkíni yìí di òótọ́ ju bó ṣe wà tẹ́lẹ̀ lọ. Ètò tí gómìnà Lugard mú wá ni kí wọ́n fi ọba ṣàkóso, kí Àjẹ́lẹ̀, aṣojú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, sì wà lẹ́yìn rẹ̀. Ní Ọ̀yọ́, Captain Ross ni Àjẹ́lẹ̀ láti 1914 títí di 1931, òun àti Aláàfin Ṣíyanbọ́lá Ládìgbòlù sì mọwọ́ ara wọn. Wọ́n fi Ìbàdàn sábẹ́ Ọ̀yọ́, ìlú tó ti ju Ọ̀yọ́ lọ ní agbára láti ìgbà ogun, kò sì bọ́ lábẹ́ rẹ̀ títí di 1934. Wọ́n gbé kóòtù àti owó orí lé ọba lọ́wọ́. Ọ̀yọ́ Mèsì kò lè fi igbá ránṣẹ́ mọ́. Ọba tí Àjẹ́lẹ̀ bá dúró tì, ta ni yóò kọ̀ ọ́? Nígbà náà ni "ká bi í, kò sí" wá rí bí orúkọ rẹ̀.

Àwọn ará ìlú wá ọ̀nà mìíràn. Ní 1916, Ìsẹ́yìn àti Òkèihò dìde sí àwọn tí ètò tuntun náà gbé agbára fún, wọ́n pa lára àwọn òṣìṣẹ́ kóòtù, ìjọba sì fi ìbọn pa ìjà náà rẹ́. Ní 1918, Ẹ̀gbá ja ogun Àdùbí. Wọ́n hú ojú irin, wọ́n gé wáyà. Owó orí àti iṣẹ́ àfipáṣe wà lára ohun tó bí wọn nínú, Aláké, ọba wọn, tí ìjọba ń ti ọwọ́ rẹ̀ gbà á, kò sì bọ́ nínú ìbínú náà.

Ọ̀nà tí àwọn obìnrin Abẹ́òkúta gbà ló wá gbéṣẹ́ jù. Owó orí àwọn obìnrin Ẹ̀gbá dá yàtọ̀ sí ti ọkùnrin, wọ́n sì ń gbà á pẹ̀lú ìwọ̀sí. Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti kó àwọn ọlọ́jà àti àwọn obìnrin tó kàwé jọ sínú ẹgbẹ́ kan ṣoṣo, àti ìparí 1947 ni ẹgbẹ̀ẹ́gbẹ̀rún wọn ti ń lọ jókòó sí ẹnu ààfin Aláké Ládàpọ̀ Adémọ́lá Kejì. Orin ni wọ́n ń kọ, orin náà kò sì bọ̀wọ̀ fún adé. Wọ́n bi í léèrè owó, wọ́n bi í léèrè ilẹ̀. Àwọn Ògbóni náà yí padà lẹ́yìn ọba. Ní 1948 Adémọ́lá fi ìlú sílẹ̀ lọ sí Òṣogbo, nígbà tó sì di oṣù Kìíní 1949 ó kọ̀wé pé òun fi ìtẹ́ sílẹ̀. Wọ́n yọ owó orí obìnrin kúrò. Ó padà wá ní òpin 1950, wọ́n sì tún ń kí i ní Kábíyèsí títí ó fi wàjà ní 1962. Ohun tí àwọn obìnrin náà ṣe kò ṣàjèjì sí àṣà bí àwọn kan ṣe rò. Ọba kì í pa ọ̀kọrin ni wọ́n lò, wọ́n kàn mú un kúrò ní ọjọ́ ọdún ni.

Nígbà tí agbára bọ́ sọ́wọ́ àwọn olóṣèlú, àwọn ló jogún àyè Àjẹ́lẹ̀. Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn lé Aláàfin Adéníran Adéyẹmí Kejì kúrò ní Ọ̀yọ́ láàárín 1954 sí 1955, nítorí pé ẹgbẹ́ òṣèlú tó wà nílé ìjọba kò rí i bí ẹni tiwọn. Ní 1957 wọ́n ṣe Òfin Olóyè, tó gbé àṣẹ láti fọwọ́ sí ìyànsípò ọba, àti láti yọ ọ́, lé ìjọba lọ́wọ́. Àwọn ìpínlẹ̀ tó jáde láti inú Ìwọ̀-Oòrùn ṣì ń lo ohun tó jọ ọ́. Ọ̀pá àṣẹ tí ọba ń gbé lọ́jọ́ ìwúyè, gómìnà ló ń fà á lé e lọ́wọ́.

Bí agbára ṣe ń kúrò lọ́wọ́ ọba ni ọ̀rọ̀ náà ń rìn jìnnà. Ṣọ́ọ̀ṣì gbà á fún Ọlọ́run. Nínú àdúrà àwọn Aládùúrà àti nínú orin ìyìn, Kábíyèsí ni wọ́n ń pe Olódùmarè, lọ́dọ̀ ẹni tí ìtumọ̀ rẹ̀ kò sì ní àbùkù kankan. Mùsùlùmí kò ní ìṣòro pẹ̀lú ọ̀rọ̀ ẹnu. Ìdọ̀bálẹ̀ ni àwọn kan nínú wọn ń jà sí, nítorí ìforíkanlẹ̀ jẹ́ ti Ọlọ́run nìkan. Àwọn Kristẹni kan náà rò bẹ́ẹ̀. Fíìmù Yorùbá sọ ọ́ di ọ̀rọ̀ tí ọmọdé Èkó tí kò wọ ààfin rí mọ̀. Ní Amẹ́ríkà, Walter Eugene King, ọmọ Detroit, dá abúlé Ọ̀yọ́túnjí sílẹ̀ ní South Carolina ní 1970, ó sì di Ọba Ẹfúntọ́lá Oseijeman Adéfúnmi. Ifẹ̀ ni ó ti gba oyè ní 1981 láti ọwọ́ Ọọ̀ni Okùnadé Ṣíjúwadé, Kábíyèsí ni àwọn ènìyàn rẹ̀ sì ń kí i títí ó fi wàjà ní 2005.

Ní ọjọ́ 15 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2023, níbi ayẹyẹ ìjọba kan ní Ìsẹ́yìn, ààrẹ àná Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́ pàṣẹ fún àwọn ọba tó wà ní ìjókòó pé kí wọ́n dìde, wọ́n dìde. Ó ní kí wọ́n jókòó, wọ́n jókòó. Ohun tó ń bí i nínú ni pé wọn kò dìde nígbà tí gómìnà Ṣèyí Mákindé wọlé. Fídíò náà tàn ká, inú sì bí ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọmọ Yorùbá nílé àti lókè òkun. Ọbásanjọ́ ní gómìnà ló ṣáájú ọba lábẹ́ òfin orílẹ̀-èdè, òótọ́ sì ni. Òfin tí gómìnà fi ń fọwọ́ sí ọba náà ló lè fi yọ ọ́, kò sì sí ibi kankan nínú rẹ̀ tí wọ́n ti ní a kì í bi í.